Ohun Tó Ń Yí Nọ́ńbà Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ Padà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ó tẹ̀ ba lórí ọpọ́n omi gbígbóná kan, ó ń wo ìgò tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Mo kí i, kò dáhùn. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi ti ń wá ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbórí sókè.

Ó ní kí n má bínú, òun ń ka nǹkan lọ́kàn ni, òǹkà náà á sì dàrú bí òun bá lanu. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin ni ìyá tó máa bá wa fọ ìgò?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo kúnlẹ̀. Ó yára ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí, nǹkan tó ń jẹ aṣọ máa ń kán síbẹ̀.

Bí a ṣe pàdé nìyẹn. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi ṣe orin nínú rẹ̀.

Omi ìfọgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ náà, èyí tó máa ń hó funfun bí wọ́n bá dà á sójú egbò. Yàrá tí wọ́n ti ń dán an wò wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n dúró sídìí ẹ̀rọ omi lábẹ́ fèrèsé, kí n máa fọ ìgò tí wọ́n bá lò tán. Ìyá Onígò ni wọ́n ń pè mí. Ọmọbìnrin kan wà ní tábìlì iwájú tí kì í bọ́ awò ojú rẹ̀, òun ni Àǹtí Awò. Ọkùnrin tí mò ń wí yìí wà ní tábìlì igun, Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ sì ni wọ́n ń pè é nítorí kò sí ohun tó lè lé e sáré. Àǹtí Awò máa ń ní bí Ọ̀gá bá gbéra láti tábìlì lọ sí fèrèsé, èèrà á ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, á sì ti padà.

Mi ò kàwé lọ títí. Mo lè ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò, bí ẹ bá fún mi láyè. Nítorí náà ẹ má retí pé kí n to ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yẹ. Títí di òní, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ ṣì rú mi lójú.

Ohun tí mo mọ̀ dáadáa ni ẹ̀rù. Ọkọ mi àkọ́kọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú bí ara rẹ̀ bá tutù. Ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Yóò kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ojú mi kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Ó fi èmi àti ọmọ mi sílẹ̀ ó lọ, ọmọ náà ṣì kéré nígbà náà. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó fi ẹ̀rù sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ọkùnrin, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Mo wo ọwọ́ Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ títí. Ìka rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, omi ìfọgbẹ́ yẹn ti mú un funfun tó-tò-tó. Ó ń di ìgò mú bí ẹni di ẹyin mú.

Kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìdí. Bóyá nítorí pé mi ò kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní omi ìfọgbẹ́ yìí kì í dúró bí wọ́n ṣe dà á sínú ìgò. Bí wọ́n tilẹ̀ dé e pa, ó ń tú díẹ̀díẹ̀, ó ń di omi lásán àti afẹ́fẹ́. Ilé iṣẹ́ fẹ́ mọ ọjọ́ tí agbára rẹ̀ á tán, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sára ìgò. Iṣẹ́ tòun ni láti wá nọ́ńbà ìyára rẹ̀. Ó ní gbogbo nǹkan tó ń tú, tàbí tó ń dà pọ̀ di nǹkan mìíràn, ló ní nọ́ńbà ìyára tirẹ̀.

Mo bi í pẹ̀lú ẹ̀rù pé bí omi náà bá pọ̀ tó sì le nínú ìgò, ṣé nọ́ńbà náà kò ní í lọ sókè.

Ó ní ìbéèrè tó dára ni. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Kò fi mí ṣẹ̀sín.

Ó ní kí n fojú inú wo gbọ̀ngàn tí èrò jókòó sí. Bí aago bá lù, ẹnì kan nínú ẹni mẹ́wàá á dìde, á jáde. Bí gbọ̀ngàn bá kún fọ́fọ́, àwọn tó ń jáde á pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí èrò bá ti dín, wọ́n á dín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú mẹ́wàá yẹn, ibi tó wà náà ló wà. Pípọ̀ èrò kò kàn án.

"Kí ló wá kàn án, sà?"

Ó ní ooru ló kọ́kọ́ kàn án. Bí gbọ̀ngàn bá gbóná, ara ò ní gba ọ̀pọ̀ láti jókòó mọ́, ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá lè dìde lẹ́ẹ̀kan. Ooru kékeré lè gbé nọ́ńbà sókè ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ìdí nìyẹn tí ìgò fi ń jókòó sínú omi gbígbóná tí kò gbọdọ̀ yí, tí òun kì í sì í gbójú kúrò lára tẹmómítà. Ohun tí wọ́n fi po omi náà kàn án, bó ṣe kan lẹ́nu sí náà kàn án. Ó wá ku amúṣẹ́yá, ìyẹn nǹkan mìíràn tó bọ́ sínú omi náà tó ń mú kó tètè tú. Ó ní amúṣẹ́yá dà bí ẹni tó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò ní àtẹ̀gùn. Òun fúnra rẹ̀ ò jáde, kò tán, kò rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti rọ èrò lọ́rùn. Bíńtín rẹ̀ ti tó.

Ìdajì ni mo gbọ́. Ooru nìkan ló yé mi dáadáa, torí mo ti bá a gbé rí.

Láìpẹ́ mo rí ife tíì kan létí ẹ̀rọ omi mi. Èéfín ń jáde lára rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ni ín, mi ò fọwọ́ kàn án, ó tutù síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e súnmọ́ mi díẹ̀ sí i. Mo tún fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Tíì yẹn, ẹ̀yin ni mo ń pò ó fún." Ó ti tutù nígbà tó fi sọ ọ́. Mo mu ún bẹ́ẹ̀. Àǹtí Awò ń fi ìwé bo ẹnu rẹ̀.

Nílé, ọmọ mi ti ń wò mí. Ó ti dàgbà, ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti òun la jọ ń gbé. Ó bi mí pé ta ni. Mo ní kò sí ẹnì kankan.

Ó ní, "Kò-sẹ́nì-kankan ló ń jẹ́ kí ẹ máa dirun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Màámi?"

Ìfẹ́ ni, mo rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lẹ́nu tí mo fi máa sọ ọ́. Ohun tí mo ní ni ọwọ́. Omi gbígbóná yẹn máa ń fi èérí funfun sí ìdí ìgò rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kì í ká a. Mo lọ ra kànìnkànìn onírin, mo fi í pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Tí mo bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ti Àǹtí Awò bí wọ́n ṣe kọ́ mi, màá wá mú tirẹ̀, màá ha ìdí rẹ̀ títí ojú mi á fi hàn nínú rẹ̀. Tirẹ̀ nìkan.

Ìgbà náà ni nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè.

Ó dán an wò, ó rí nọ́ńbà kan. Ó tún un ṣe, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún ṣe é, ó ga sí i. Ooru ò yí. Ó dín omi ìfọgbẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ìyẹn ò yẹ kó kàn án. Ó pààrọ̀ tẹmómítà. Ó pààrọ̀ omi tó fi ń pò ó. Pàbó. Ti Àǹtí Awò sì ń lọ geere ní tábìlì tirẹ̀.

Máníjà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní àwọn tó ń bá wọn figa gbága ti tẹ ọjọ́ sára ìgò tiwọn. Bí oṣù yìí bá parí tí kò sí nọ́ńbà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun á wá ẹlòmíràn sí tábìlì yẹn. Ó ní ẹ̀sọ̀ ò lè bá àwọn ta ọjà.

Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ yíjú padà sí tẹmómítà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti dákẹ́.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á lé e lọ. Ẹ̀rù méjèèjì ń fà mí lọ́tùn-ún lósì, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó borí. Mo tún ń ha ìgò rẹ̀ sí i.

Ibà wá dá mi dúbúlẹ̀. Mo sùn sílé fún ọjọ́ mélòó kan, Àǹtí Awò ló bá wọn fọ ìgò. Ọjọ́ tí mo padà dé, Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní nọ́ńbà ti jókòó. Lọ́jọ́ kejì tó lo ìgò tí mo fọ̀, nọ́ńbà tún fò sókè.

Àǹtí Awò ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ìgbà tí Ìyá Onígò ò sí nìkan ni nọ́ńbà yín ń jókòó."

Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ yíjú sí mi. Ó wá gbé ìgò Àǹtí Awò kan fún mi, ó ní kí n fọ̀ ọ́ lójú òun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ṣàn án. Ó gbé ìgò tirẹ̀ fún mi. Mi ò ronú. Ọwọ́ mi lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi fúnra rẹ̀, ó mú kànìnkànìn onírin jáde.

Ó wo kànìnkànìn náà.

Mi ò mọ ìgbà tí apá mi gòkè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti fi bojú, ìgò ti bọ́ sínú ọpọ́n, mo sì ń dúró dè é.

Kò sí ohun tó dé. Nígbà tí mo yọjú lábẹ́ apá, ó ti fà sẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ fi kan tábìlì. Ó ń wo apá mi. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ tó ní kí n má kúnlẹ̀ sí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún níbi tí mo ti lè rí i.

Ó ní, "Mi ò ní í fọwọ́ kàn yín. Mi ò bínú. Rárá, mo bínú díẹ̀. Kì í ṣe sí yín."

Ó rú mi lójú pátápátá. Mi ò rí ọkùnrin tó bínú díẹ̀ rí.

Jẹ́jẹ́ ló ṣàlàyé látilẹ̀ ibẹ̀. Ó ní irin ni amúṣẹ́yá tí òun ń wá kiri. Irin inú kànìnkànìn yẹn ń kù sínú ìgò, ojú ò lè rí i, omi ò lè ṣàn án tán, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún omi ìfọgbẹ́. Bí mo ṣe ń ha á sí i ni nọ́ńbà ń gòkè sí i. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi nìkan?"

Àǹtí Awò dìde, ó ní òun ń lọ wo nǹkan níta. Kò sí nǹkan kan níta.

Mo wo ilẹ̀, mo wo fèrèsé. Mo ní, "Mo fẹ́ kí tiyín máa dán ni."

Ó ní, "Ẹ ṣé." Ìyẹn náà rú mi lójú. Ṣé ẹ ṣé ti ó dàbọ̀ ni, àbí ẹ ṣé ti ẹ kú iṣẹ́? Ìgbà tó dìde, ilẹ̀ ti jẹ ìdí ṣòkòtò rẹ̀ lu.

Nọ́ńbà jókòó. Ó gbé e fún máníjà kí oṣù tó parí. Nígbà tí máníjà bi í pé ta ló ba iṣẹ́ jẹ́ láti ọjọ́ yìí, ó ní irin ló wọ inú ìgò, òun sì ni kò ṣàlàyé fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ìdí tí wọ́n fi ń lo búrọ́ọ̀ṣì. Máníjà ní kí wọ́n lé ẹni náà. Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ ní ẹni náà ni ìgò rẹ̀ mọ́ jù nílé iṣẹ́ yìí, òun ò sì ní í bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Àǹtí Awò ló sọ ọ́ fún mi. Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ fúnra rẹ̀ kàn bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bóyá òun lè máa sìn mí délé.

Tí ẹ bá ti bá a rìn rí, ẹ ó mọ̀ pé ilé mi wá jìn.

Lójú ọ̀nà ló ti sọ fún mi pé ìyàwó òun ti kú, pé òun ti gbà pé òun á parí ọjọ́ òun nídìí tẹmómítà, ṣùgbọ́n pé láti ìgbà tí mo ti dé ni òun ti máa ń yára dé ibi iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, torí mi ò rí ìyára kankan. Ó ní, "Àyànfẹ́ mi, bí mo ṣe lè yára tó nìyẹn." Ó kọ́kọ́ wò yíká bóyá ẹnì kan gbọ́.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Inú rẹ̀ dùn jù. Ó ní ẹni tó ti lé ní àádọ́ta kì í to ẹsẹ̀ bí ìyàwó tuntun, kí ọkùnrin náà máa wá lójoojúmọ́, kó máa gbé nǹkan wá, pé nǹkan á yá kíá bí ó bá pọ̀. Ọmọ mi ní rárá. Ó ní òun ṣì rántí bí a ṣe ń sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a fi àpótí tì.

Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ wá ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ọmọ mi fún un lómi, ó jókòó dojú kọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí inú bá bí yín, kí lẹ máa ń ṣe?"

Ó ronú títí ẹ̀gbọ́n mi fi húkọ́.

"Mo máa ń dákẹ́," ó ní. "Ó lè di ọjọ́ kejì. Ìyàwó mi tó kú máa ń sọ pé ìdákẹ́ mi le ju ẹgba lọ."

"Màámi ò lè bá ìdákẹ́ gbé, sà. Bí ènìyàn bá ti dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n á máa wò."

"Mo mọ̀. Mo rí bí apá wọn ṣe gòkè."

Mo tẹ orí ba. Ó bi ọmọ mi pé báwo ni kí òun máa ṣe é. Ó bi í bí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́. Ọmọ mi ní kó máa fi ẹnu sọ ọ́ pé inú ń bí òun, kó sì sọ ohun tó fà á. Ó ní òun á gbìyànjú, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé òun á mọ̀ ọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ara ẹ̀gbọ́n mi ò gbà á mọ́. Ó ní, "Irú àfẹ́sọ́nà wo nìyí? Ẹni tó wá fẹ́yàwó á máa purọ́ díẹ̀ kó lè dùn." Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò tíì gbà. Ó ní òun á máa wò ó. Àìsàn ìdílé wa nìyẹn, wíwò.

Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ ń wá, kì í ṣe lójoojúmọ́, kì í sì í gbé nǹkan rẹpẹtẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ń kùn. Mi ò mọ ibi tí a ń lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ kí ọmọ mi sọ pé kó má wá mọ́, kí n lè sinmi. Tí ó bá sì pẹ́ kó tó dé, màá máa yọjú lójú fèrèsé.

Ó wá dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n. Ara mi di yìnyín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Inú ń bí mi," ó ní. "Inú ń bí mi gan-an ni. Máníjà ló fà á."

Ọmọ mi wò mí, ó fa àga fún un. Ó ní kó jókòó, kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Máníjà ti mú nọ́ńbà rẹ̀, ó sì tẹ ọjọ́ tó jìnnà ju èyí tí nọ́ńbà náà sọ lọ sára ìgò, torí kí ọjà lè pẹ́ lórí àtẹ. Omi á ti di omi lásán, àwọn ènìyàn á ṣì máa dà á sójú egbò ọmọ wọn. Ó ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ gún afẹ́fẹ́. Ó parí rẹ̀, ó mu omi, ó ní òun máa sọ ọ́ fún máníjà bẹ́ẹ̀ gan-an láàárọ̀ ọ̀la. Ó sì sọ ọ́. Wọ́n ya ọjọ́ náà kúrò lára ìgò, máníjà ò kí i mọ́ títí dòní.

Nígbà tó lọ tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi ń palẹ̀ ife mọ́. Ó ní, "Màámi, ọwọ́ rẹ̀ ń fò káàkiri, ẹ ò wò ó."

Òótọ́ ni. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Mi ò mọ ìgbà tí ó yí padà.

Ọmọ mi ní, "Ẹ fẹ́ ẹ."

Kóòtù ìgbéyàwó la lọ. Ọ̀fìnkìn ń ṣe obìnrin tó so wá pọ̀. Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ ti dáhùn tirẹ̀. Obìnrin náà yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mo fẹ́ ọkùnrin yìí, bóyá ó ti inú mi wá, bóyá kò sí ẹni tó fi dandan mú mi.

Ẹnu mi ò ṣí.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí ni. Ní ti ọkọ mi àkọ́kọ́, wọ́n kàn mú mi lọ ni. Ìbéèrè náà jókòó síwájú mi, mi ò mọ ibi tí mo máa gbà á mú. Ẹ̀gbọ́n mi ń húkọ́ lẹ́yìn mi bí ọ̀kadà tó kọ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà wo aago ara ògiri. Ó nu imú rẹ̀, ó tún bi mí. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó sì tún jù ú sílẹ̀, bí ẹni pé ó rántí pé kò yẹ kó fà mí.

Ọ̀gá Ẹ̀sọ̀ ò wò mí. Mo rò pé ó mọ̀ pé bó bá wò mí, á dà bíi pé ó ń tì mí. Ó kọjú sí obìnrin náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò kánjú."

"A mọ̀," ni Àǹtí Awò wí látẹ̀yìn.

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, obìnrin ọlọ́fìnkìn rẹ́rìn-ín títí ó fi sín. Ẹ̀rín gbé èmi náà, láàárín ẹ̀rín náà ni mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Mo gbà."

Obìnrin náà ní kí n má bínú, ariwo ò jẹ́ kí òun gbọ́ dáadáa, òun ò sì lè kọ ohun tí òun ò gbọ́. Wọ́n dákẹ́ fún mi.

Mo tún un sọ.